Ilé Ńlá ní Òṣogbo: Ìfiwéra Ẹ̀rọ Amúlétutù, Bátìrì àti Ètò Omi fún Ẹni tó Fẹ́ Rà

Ohun tí àwọn tó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo máa ń kọ́kọ́ bi mí ni iye tí sólà yóò ná wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìbéèrè yẹn sí ìkẹyìn. Ìlú wa yìí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, síbẹ̀ iná kì í tó wa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n sì gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí iná wọn tó wákàtí 20 lójúmọ́, dé náírà 225 lórí yúníìtì (kWh) kan.

Ẹ̀rọ amúlétutù ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ló sábà ń jẹ iná jù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì ń sọ bí sólà, bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ yóò ṣe tóbi tó. Èyí tí a ti ń lò tipẹ́ kò wọ́n púpọ̀, ẹni tó lè tún un ṣe sì wà káàkiri. Ṣùgbọ́n ńṣe ló ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́, tí yóò kú, tí yóò tún tan, iná tó sì ń fà nígbà tó bá ń tan máa ń jẹ́ ìlọ́po mélòó kan iye tó ń jẹ lẹ́yìn náà. Ẹ̀rọ amúlétutù oníńfátà (inverter) wọ́n jù ú lọ, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń gbéra, bí yàrá bá sì ti tutù, yóò rọra dẹwọ́. Ní tèmi, oníńfátà ni kí ẹ rà, kí gáàsì inú rẹ̀ sì jẹ́ R32, tí agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti R410A, gáàsì tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀.

Lórí bátìrì, owó ọjọ́ rírà máa ń tan ènìyàn jẹ. Bátìrì ásíìdì tí wọ́n kọ 10 kWh sí lára kò yẹ kí ẹ lò ju 5 lọ nínú rẹ̀, kó má baà tètè kú. Bátìrì lithium oní-LFP (lithium iron phosphate) yóò fún yín ní 8 tàbí 9, ó sì lè gba ṣáàjì ju ìgbà 3,000 lọ. Ti ásíìdì kì í sábà tó ìdajì ìyẹn. Mo wọ yàrá bátìrì ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òkè-Báálẹ̀ nínú oṣù kẹta: kò ní fèrèsé, òrùn ọ̀sán ń jó páánù orí rẹ̀, mẹ́rin nínú bátìrì ásíìdì mẹ́jọ sì ti wú bí àkàrà inú epo, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì pé ọdún méjì. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 ju 25 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ̀mí bátìrì ásíìdì ń dín sí bí ìdajì. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ ṣírò owó yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí mọ́ owó rẹ̀.

Ẹ má ta jẹnẹrétọ̀ yín, ṣùgbọ́n kékeré tó ń rí iṣẹ́ ṣe sàn ju ńlá tí kò rí iṣẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀, torí pé díísù kì í jóná tán nínú rẹ̀.

Ó ku omi. Ìga mítà 10 ló ń fún omi ní agbára bar 1, nítorí náà tánkì orí òrùlé kò lè ti omi dáadáa dé ṣáwà àjà òkè pátápátá. Pọ́ńpù fún gbogbo ilé ń ṣe é, àmọ́ bí iná bá lọ, omi náà lọ. Mo fara mọ́ tánkì fún àwọn àjà ìsàlẹ̀, kí pọ́ńpù kékeré máa ran ti òkè nìkan lọ́wọ́. Òjò mìlímítà 100 lórí òrùlé tó fẹ̀ tó 500 mítà níbùú-lóòró (500 m²) jẹ́ lítà 50,000, kí a tó yọ ohun tó ṣòfò díẹ̀ kúrò. Ẹ fa páìpù omi òjò yìí lọ sí ilé ìyàgbẹ́ kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, torí fífọ́ ògiri lẹ́yìn ìgbà náà ló ń mú un wọ́n.

Nígbà náà ni kí ẹ wá bèèrè sólà, kí ẹni tó fẹ́ ta á fún yín sì kọ iye kWh tí ilé yóò jẹ ní ọ̀sán àti lóru sílẹ̀ kó tó dárúkọ owó.