Ológbò mi ò lè tọ̀, wọ́n ní kó kọ́kọ́ gba káàdì

Ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí tí èmi àti Dúdú lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko kan n'Ìbàdàn, inú ṣì ń bí mi.

Láti òru Jímọ́ ni akọ ológbò mi yìí ti ń lóṣòó sínú yanrìn rẹ̀, á ké, nǹkan kan ò ní jáde. Mo rò pé ìgbẹ́ ló há a, mo fún un lépo pupa. (Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.) Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì ni mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀.

Àǹtí tó wà nídìí tábìlì ò tiẹ̀ wo apẹ̀rẹ̀. “Ẹ gba káàdì, mà. ₦5,000.” Mo san án. “Orúkọ ẹ̀?” Dúdú. “Dúdú kí ni?” Ó ní kọ̀ǹpútà ò ní gbà á láìsí orúkọ bàbá. Bí Dúdú ṣe di ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ mi nìyẹn. Àwọn ọmọ ajá mẹ́fà tó wá gba àjẹsára ló wà níwájú wa. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. “Gbogbo wọn náà la máa tọ́jú, mà.” Ogójì ìṣẹ́jú!

Dókítà obìnrin kan tó ń kọjá ló gbọ́ igbe Dúdú. Ó tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó ní ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn, kò gbọ́ èsì mi tán tó fi gbé e wọlé. Àpò ìtọ̀ ti le bí ọsàn. Ó ní ọ̀nà ìtọ̀ akọ ológbò tín-ín-rín, yanrìn inú ìtọ̀ lè dí i pa. Pọtásíọ̀mù, èròjà kan tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde, á wá kún inú ẹ̀jẹ̀, á dá ọkàn dúró. Ọjọ́ méjì ti tó láti pa á. Ó fún un lóògùn oorun, ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ bá tú jáde. Mo sunkún níbẹ̀.

Kò ta ọjà kankan fún mi. Ó ní struvite ni yanrìn tóun rí, oúnjẹ àkànṣe lè yọ́ ọ. Ká ní òkúta calcium oxalate ni, kì í yọ́, iṣẹ́ abẹ ló kù. Ti ajá yàtọ̀: àkóràn inú ìtọ̀ ló sábà ń fa struvite tiwọn. Kí n máa fún Dúdú ní oúnjẹ inú agolo dípò èyí tó gbẹ, kí n bu omi sí i, kí n gbé abọ́ omi káàkiri ilé.

Ọjọ́ kẹta tí mo lọ mú un, owó oúnjẹ wà nínú ìwé owó, bẹ́ẹ̀ èmi ni mò ń gbé oúnjẹ wá láàárọ̀ lálẹ́. Àǹtí yọ ọ́, kò ní “ẹ má bínú”.

Dúdú ti ń tọ̀ dáadáa. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún ilé ìwòsàn náà. Sátidé la máa padà lọ fún àyẹ̀wò ìtọ̀, mo ti pe dókítà náà, ó ní, “Mọ́mì Dúdú, ẹ tètè dé.”