Ère Idẹ tàbí Ère Fáíbà: Èwo Ló Yẹ Gbọ̀ngàn Òtẹ́ẹ̀lì?

Ìwúwo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Idẹ tó nípọn tó mìlímítà 5, tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóòró, á wúwo tó nǹkan bíi kílò 44. Fáíbà (fọ́nrán gíláàsì tí wọ́n fi résìnì, ìyẹn oje kẹ́míkà tó máa ń gan, lẹ̀ pọ̀) tó nípọn bẹ́ẹ̀ kò ju bíi kílò 8 lọ. Tó bá jẹ́ orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ máa gbé e sí, ẹ pe ẹnjiníà kí ẹ tó ra idẹ.

Iná ló ń dójú ti fáíbà. Résìnì rẹ̀ máa ń jó fòfò, èéfín rẹ̀ á sì dúdú kirikiri. Èyí tí wọ́n po èròjà adènà iná mọ́ nìkan ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì béèrè ìwé ẹ̀rí. Tó bá wà níta, oòrùn á mú kí ojú rẹ̀ ṣì.

Idẹ kì í jó. Idẹ ni ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà, ṣe ní 1964 fún ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Marina, l'Ékòó. Ọ̀tá rẹ̀ ni iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun, àti òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń fi oògùn tí wọ́n fi ń dán irin pa á (ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró!), torí oògùn yẹn máa ń bó àwọ̀ tí oníṣẹ́ ọnà fi iná àti kẹ́míkà fún un. Omi, ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi máa nù ún. Tó bá gbẹ, ẹ fi ìda pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má fi bọ́ọ̀tì irin lásán dè é: níbi tó lọ́rinrin, irin tó kan idẹ á tètè dípẹtà, ère á wá máa mì.

Lójú tiwa, idẹ ló yẹ ibi tí àlejò á ti máa fọwọ́ kàn án. Fáíbà, èyí tẹ́ ẹ fẹ́ so rọ̀ sókè àjà.