Golf 5 GTI tí wọ́n ti tún ṣe àbí Matrix XRS: èwo ni kí ará Ifẹ̀ rà?

Bí ẹ bá ń sùn ní Ifẹ̀, tí iṣẹ́ ń gbé yín lọ sí Iléṣà lójoojúmọ́, tí ẹ wá fẹ́ ọkọ̀ kékeré tó mọ eré sá tó sì lè gbẹ́rù, tòkunbọ̀ méjì yìí, Golf 5 GTI ti Volkswagen àti Matrix XRS ti Toyota, ni mo lè bá yín sọ. Mo ti wa àwọn méjèèjì. GTI “tí wọ́n ti tún ṣe” tí mo ń wí ni èyí tí wọ́n ti fi agbára kún tàbí tí wọ́n ti rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí eré bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì GTI jẹ́ lítà 2.0, ó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn kún ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i), agbára ẹṣin 200. Ti Matrix XRS àkọ́kọ́ jẹ́ lítà 1.8, kò ní tọ́bò, agbára ẹṣin 180. Lórí ìwé, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ẹ wá bọ́ sẹ́yìn tírélà tó kó gẹdú lọ́nà Òṣú ná. Aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì GTI ò tíì dé 2,000 tí tọ́bò ti ń tì í lẹ́yìn. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ ni, ẹ ti kọjá. Matrix ṣì ń sùn ní tiẹ̀. Ó dìgbà tí aago bá kọjá 6,000 kó tó jí, ẹ ó já gíà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ariwo á gba gbogbo inú ọkọ̀. Àmọ́ tó bá jí tán, háà!

Tó bá di ti ẹrù, Matrix ò lẹ́gbẹ́. Àga ẹ̀yìn ń sùn pẹrẹsẹ, àga iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ náà ń sùn, ẹ̀yìn wọn sì jẹ́ ike líle. Mo ti ki àkàbà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ bọ̀ ọ́, mo sì ti ilẹ̀kùn. Àyè GTI ò burú, àmọ́ èyí tí wọ́n bá ti rẹ̀ sílẹ̀ kì í gba àpò gaàrí láti ọjà Atàkúnmọ́sà kí táyà má máa ha fẹ́ńdà, bọ́m̀pù kọ̀ọ̀kan á sì máa fá a nísàlẹ̀.

Ibi tí owó yín ti lè ṣòfò gan-an nìyí: GTI tí wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà fi agbára kún. Lábẹ́ pọ́ǹpù epo rẹ̀, irin kékeré kan wà tó rí bí ìdérí ìgò mínírà. Òun ló wà láàárín pọ́ǹpù àti kámùṣáfútù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì. Tí irin yìí bá ti jẹ tán, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kámùṣáfútù fúnra rẹ̀. Èyí tí mekáníìkì yọ nínú tèmi ti lu, ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ihò ẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní “ó kàn ń dún díẹ̀ ni.” Bó bá jẹ́ onígíà DSG (gíà tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀), ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà kẹ́yìn, gbogbo 60,000 kìlómítà ló yẹ.

Ewu ti Matrix kò pọ̀ tó yẹn. Ayédèrú ló wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni lè lẹ XRS mọ́ Matrix lásán. Ẹ́ńjìnnì 2ZZ, ti XRS àkọ́kọ́, ni kí ẹ wá, kì í ṣe 1ZZ, ti Matrix lásán.

Onílé àti ọlọ́jà, ẹ ra Matrix. Ẹni tí eré ń pa, kó ra GTI tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti tún ṣe lọkàn yín ṣáà fà sí, ẹ ní kí wọ́n tú pọ́ǹpù yẹn lójú yín kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ wọ ọkọ̀ padà sílé.