Kámẹ́rà kan tàbí mẹ́ta fún ìjà ẹbí nínú eré tẹlifíṣọ̀n?

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya eré ní Àkúrẹ́ ń bi mí léraléra: kámẹ́rà mélòó ló yẹ fún ìran tí ẹbí ti ń jà ní pálọ̀?

Ọ̀kan kò náni lówó púpọ̀. Mẹ́ta ń fẹ́ òṣìṣẹ́ àti iná tó kárí gbogbo yàrá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ń mú kí ẹ ya ìran kan náà léraléra, kí kámẹ́rà lè kọjú sí ẹnì kọ̀ọ̀kan: ti ìyá ọkọ, ti ìyàwó, ti ọkọ. Ife tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún lè bọ́ sí òsì. Ẹkún ẹlẹ́ẹ̀kẹta kì í sì í rí bíi ti àkọ́kọ́! Mẹ́ta a gbà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá ọkọ ló ká mi lára jù. Bó bá jẹ́ ojú rẹ̀ tó le nìkan lẹ sún mọ́, ó ti di ìkà tá a ti rí nínú eré gbogbo. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n hàn láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Pẹ̀lú mẹ́ta, ọ̀kan lè dúró sẹ́yìn fún èyí.

Fún eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tó ní pálọ̀ tirẹ̀, mẹ́ta dára. Nínú yàrá tóóró tí ẹ yá ní Òkè-Àró, ọ̀kan tó.