Ọwọ́ wọn rọ̀, ètò ẹ̀rọ wọn ló kù díẹ̀ káàtó: CT ọmọdé ní ibùdó kan tí àwọn ará Òkun ń lọ

Ẹni tó bá gbé ọmọ wá síbí láti Kàbà, Mópà tàbí Ìsánlú fún CT, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ya àwòrán inú ara, kò ní bínú sí bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ mọ́ra. "Òkun o" ni wọ́n ń kí i kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ ọwọ́ tí kò ní gba oògùn oorun tàbí abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí àwòrán hàn, ìyá rẹ̀ á fún un lọ́mú yó, wọ́n á fi aṣọ wé e pinpin, wọ́n á dúró kí oorun gbé e lọ. Ẹ má fojú kékeré wò ó. Bí ọmọ bá mira, àwòrán á bàjẹ́, wọ́n á tún un yà, ìtànṣán á sì di ìlọ́po méjì.

Ibi ètò ẹ̀rọ la ti ní wàhálà. Ojú ewé ìwọ̀n ìtànṣán máa ń wà pẹ̀lú àwòrán lórí CD tí wọ́n ń fún òbí. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ CTDIvol sí, ìyẹn ìwọ̀n ìtànṣán tí ẹ̀rọ tú jáde, mGy ni wọ́n fi ń kà á. Fún orí ọmọ ọdún 1 sí 5, ìwọ̀n atọ́nà ilẹ̀ Yúróòpù jẹ́ 40 mGy. Ti àgbàlagbà jẹ́ 60. Orí ọmọ ọdún 4 tí wọ́n yà níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60. Ètò àgbàlagbà ni wọ́n tẹ̀ fún un, 120 kV (agbára ìtànṣán) pẹ̀lú mA (bí ìtànṣán ṣe pọ̀ tó) tó ga. Ẹ̀rọ kò kúkú mọ ọjọ́ orí ẹni tó sùn sínú rẹ̀, àfi kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ yan ètò ọmọdé.

Nọ́ńbà CTDIvol ti ikùn ló ń tan ènìyàn jẹ. Bí ẹ bá rí 32 cm lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ike tó fẹ̀ bí ara àgbàlagbà ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀. Èyí tó wọ ara ọmọ tín-ín-rín lè tó ìlọ́po méjì ohun tó wà nínú ìwé. Wọ́n tún ń ya ikùn lẹ́ẹ̀mejì, ṣáájú abẹ́rẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, àfi bíi pé òfin ni. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ti ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ nìkan tó, ní 80 tàbí 100 kV, torí pé áyódìn inú abẹ́rẹ́ náà máa ń hàn dáadáa bí kV bá rẹlẹ̀.

Aṣọ òjé tí wọ́n ń tẹ́ lé ọmọ láyà ń fi òbí lọ́kàn balẹ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí etí rẹ̀ bá wọ ibi tí wọ́n ń yà, ẹ̀rọ tó ń yí ìtànṣán padà fúnra rẹ̀ á rò pé ara ọmọ ki, á wá fi kún un. Bákan náà ló lè rí bí wọn kò bá gbé tábìlì dé àárín gbùngbùn òrùka ẹ̀rọ.

Bó bá jẹ́ àpẹ́ńdíìsì ni wọ́n ń wá, ẹ kọ́kọ́ béèrè skáànù irú èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún. Kò ní ìtànṣán rárá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fi orí gbálẹ̀, tó ń bì, tí oorun ń kùn láìdáwọ́ dúró, ẹ má fi ọ̀rọ̀ wa dá a dúró, CT ló kàn.

Ẹ mú CD àtijọ́ dání o. Ohun tí wọ́n ti yà ní Lọ́kọ́ja lánàá, kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó kí wọ́n tó ní ọmọ yóò tún sùn sórí tábìlì.