Antigone àti Ismene: ta ló yàn dáadáa?

Nínú Antigone, eré tí Sophocles kọ fún àwọn ará Áténì ní nǹkan bí ọdún 441 ṣáájú ìbí Krístì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò gbọ́ òfin kan náà. Ọba Creon ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sin òkú Polynices, arákùnrin wọn tó gbógun ti ìlú Thebes. Ẹni tó bá dán an wò, ikú ni.

Ismene ní obìnrin ni àwọn, apá àwọn ò ká ọba. Kí àwọn òkú forí ji òun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pè é ní ojo. Èmi ò gbà. Ìyá, bàbá, arákùnrin méjì: gbogbo wọn ló ti kú mọ́ ọn lójú.

Antigone ní tirẹ̀ bu erùpẹ̀ gbígbẹ lé òkú náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbọ̀n ọ́n dànù. Ó tún padà wá, ó figbe ta bí ẹyẹ tí wọ́n kó lọ́mọ, ó sì bu erùpẹ̀ mìíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Wọ́n sé e mọ́ inú ihò àpáta, ó pokùn so. Haemon, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, gún ara rẹ̀ pa. Ìyá Haemon náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Antigone ni mo wà, àmọ́ ẹnu rẹ̀ le jù. Nígbà tí Ismene ní kí wọ́n pa òun mọ́ ọn, ó kọ̀ jálẹ̀: ìyè ni Ismene yàn, ikú ni òun yàn. Ismene yè é lóòótọ́. Títí eré fi parí, ẹnikẹ́ni ò tún dárúkọ rẹ̀.