Àpótí géèjì tí a fi ń dán ẹ́ńjìnì wò nílé: èyí tó ń purọ́ àti èyí tó ń sọ òótọ́

Géèjì oríṣi méjì ló wà nínú àpótí yìí: èyí tó ń wọn kọ̀mpúréṣọ̀n, ìyẹn bí písítìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó nínú sílíńdà, àti èyí tó ń fi bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jò kúrò nínú sílíńdà hàn. Torí ti àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń rà á, òun gan-an ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ bẹnu àtẹ́ lù. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́ o. Irọ́ ló ń pa, àmọ́ irọ́ kan náà ló ń pa fún gbogbo sílíńdà, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣì wúlò. Èkejì, tí àwọn kan ò tiẹ̀ yọ kúrò nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, òun ló tó owó tí mo san.

Ọkọ̀ tí mo fi dán an wò ni Mazda MX-5 onílítà 1.8, ti ọdún 1995. Sílíńdà 4, fáàfù 16. Ihò sílíńdà fẹ̀ ní mílímítà 83, ìrìn písítìnì jẹ́ mílímítà 85, ìfúnpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9 sí 1, ètò tí àwọn sílíńdà rẹ̀ fi ń jó tẹ̀ léra sì ni 1-3-4-2. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà yìí sọ́kàn, a máa nílò wọn níwájú.

Irọ́ tí mo ń sọ yìí, ẹnu hóòsì ló ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí hóòsì ti wọ ihò púlọ́ọ̀gì, fáàfù kékeré kan wà níbẹ̀ tó jọ ti táyà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kó má sì jẹ́ kó padà, kí abẹ́rẹ́ géèjì lè dúró síbi tó ga dé. Nínú tèmi, ti táyà gan-an ni wọ́n fi síbẹ̀. Sípíríǹgì ti táyà le. Afẹ́fẹ́ ní láti kọ́kọ́ fi agbára tì í kó tó ṣí, agbára tó sì ná sórí ìyẹn kì í dé ọ̀dọ̀ géèjì. Èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀ púpọ̀; bí ẹ bá fi orí èékánná tẹ méjèèjì wò, ẹ máa mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọra bí ìbejì, tí wọ́n sì ń wọ ihò kan náà. Nígbà tí mo pààrọ̀ rẹ̀, sílíńdà 1 tó ń ka 153 psi (psi ni ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́, bíi ti táyà) tẹ́lẹ̀ bọ́ sí 171. Nǹkan kan ò yí padà lára ẹ́ńjìnì.

Àwọn àpótí kan burú ju èyí lọ: ọ̀dọ̀ géèjì lókè ni wọ́n fi fáàfù náà sí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Sílíńdà kan nínú ẹ́ńjìnì yìí gba cc 460. Nígbà tí písítìnì bá dé òkè pátápátá, àyè tó kù lórí rẹ̀ kò ju nǹkan bíi cc 57 lọ. Hóòsì tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40, gba cc 11. Bí fáàfù bá wà lókè, cc 11 yẹn ti di ara sílíńdà nìyẹn, 9 sí 1 á sì sọ̀ kalẹ̀ di nǹkan bíi 7.7 sí 1. Ẹni tí kò mọ̀ á gbé ẹ́ńjìnì tó dá ṣáṣá sọ̀ kalẹ̀, á ní ríìngì, irin róbótó tó yí písítìnì ká, ti tán. Nítorí náà, ẹ má fi iye tí géèjì yín kà wé iye tí ẹlòmíì kà lórí ọkọ̀ tirẹ̀. Sílíńdà sí sílíńdà ni kí ẹ fi wéra, lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú hóòsì kan náà. Ìwé Mazda gba ìyàtọ̀ 28 psi láàyè láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù.

Wàhálà kejì nínú àpótí yìí lè ba orí ẹ́ńjìnì jẹ́. Ìdè ẹnu hóòsì jẹ́ M12, ìyẹn ni pé ó fẹ̀ ní mílímítà 12. Fún púlọ́ọ̀gì M14, ẹ máa kọ́kọ́ de àfikún bàbà kan mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń tú hóòsì jáde lẹ́yìn ìdánwò, hóòsì lè tú kúrò lára bàbà náà, kí bàbà sì jókòó sísàlẹ̀ ihò púlọ́ọ̀gì níbi tí ìka kankan ò lè dé. Ẹ fi gọ́ọ̀mù ìdè tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n, ẹ̀kán kan péré, de bàbà mọ́ hóòsì, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ọwọ́ lásán náà ni kí ẹ fi de gbogbo rẹ̀ sórí ẹ́ńjìnì. Rọ́bà róbótó tó wà nídìí rẹ̀ ló ń dí afẹ́fẹ́, kò nílò sípánà.

Nípa ìdánwò fúnra rẹ̀, ìwé pélébé tó bá àpótí wá kò ju ìlà mẹ́rin lọ, ó sì fo àwọn ibi tó ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, kí ẹ wá pa á, kí ẹ dúró títí ọwọ́ á fi lè gbé e. Orí ẹ́ńjìnì yìí jẹ́ alumíníọ̀mù. Bí ẹ bá tú púlọ́ọ̀gì nígbà tó ṣì ń jóni, ìdè ihò lè bá a jáde. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ihò púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú afẹ́fẹ́, nítorí iyanrìn tó bá já bọ́ sínú sílíńdà níbẹ̀ máa fá ara ògiri rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ́ìlì nínú ihò náà, gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè ló ń jò, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ríìngì. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ tú, kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí sítátà lè yí ẹ́ńjìnì geere.

Ẹ yọ wáyà tó lọ sí kọ́ìlì. Kọ́ìlì tó ń sáná nígbà tí kò sí púlọ́ọ̀gì tó máa gbà á á wá ọ̀nà gba inú ara rẹ̀ jáde, á sì jó. Ẹ yọ wáyà àwọn ínjẹ́kítọ̀ tó ń fọ́n pẹtiróòlù náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pẹtiróòlù á fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, kọ̀mpúréṣọ̀n á sì lọ sílẹ̀ sí i bí ẹ ṣe ń dán an wò. Ẹ so ṣájà mọ́ bátìrì, nítorí sílíńdà 4 tí ẹ máa wọ̀n kẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ jìyà pé sítátà ti rẹ̀. Kí ẹnì kan tẹ ìtẹ̀ná mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà wọlé, gbogbo sílíńdà á sì ka kékeré.

Ẹ yí i títí abẹ́rẹ́ á fi fò ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹ kọ ibi tó fò dé lákọ̀ọ́kọ́ sílẹ̀, ẹ sì kọ ibi tó parí sí. Sílíńdà tó dá máa ń fò ga ní ìgbà àkọ́kọ́. Èyí tí ríìngì rẹ̀ ti rẹ̀ máa ń gùn ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun òkè. Lórí ọkọ̀ yìí mo rí 171, 174, 169 àti 141. Sílíńdà 4 ni ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀: láàárín òun àti 174, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 33. Mo da ọ́ìlì mìlílítà 5 gba ihò púlọ́ọ̀gì rẹ̀, mo tún yí i, ó ka 146. Bó bá jẹ́ ríìngì ni, ọ́ìlì ì bá dí àlàfo náà kí nọ́ńbà sì fò sókè gan-an. Psi 5 péré kò tó nǹkan. Ibẹ̀ ni géèjì àkọ́kọ́ parí sí: ó sọ fún wa pé nǹkan wà, kò sọ ohun tó jẹ́.

Géèjì kejì ló mọ̀ ọ́n. Abẹ́rẹ́ méjì ló ní, àti ihò tóóró kan tó tó mílímítà 1 láàárín wọn. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ á fi 100 psi sí apá kan, apá kejì á lọ sínú sílíńdà. Bí sílíńdà kò bá jò rárá, abẹ́rẹ́ méjèèjì á dọ́gba. Bó bá ń jò, tí kejì sì dúró sí 90, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ. Nítorí pé 100 la fi bẹ̀rẹ̀, kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀. Lábẹ́ 10, ó dára. Títí dé 20, ọkọ̀ ìgboro lè máa bá a yí. Bó bá ti kọjá 30, ẹ lọ wá ibi tó ń gbà jáde.

Kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu hóòsì ní 20 psi kí ẹ wo abẹ́rẹ́ méjèèjì. Tèmi fi 2 yàtọ̀, mo sì ń yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ohun tó bá kà. Ohun tí mi ò lè gbà mọ́ra ni kọ́ọ̀kù tó ń dín afẹ́fẹ́ kù: mo fi í sí 100, kí n tó tẹ́tí sí sílẹ́ńsà tán ó ti gun 106. Mo jù ú nù, mo fi ti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lásán, èyí tó ní ìgò tó ń gba omi nísàlẹ̀, rọ́pò rẹ̀. Ìgò yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ̀kán omi kan nínú ihò mílímítà 1 tó láti mú kí ẹ́ńjìnì tuntun dà bí èyí tó ti kú.

Ibí yìí ni mo ti ní kí ẹ rọra o. Písítìnì gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá, nígbà tí gbogbo fáàfù sílíńdà náà ti pa dé. Afẹ́fẹ́ 100 psi lórí písítìnì mílímítà 83 jẹ́ nǹkan bí ìwúwo kílógíráàmù 380. Bí písítìnì bá yẹ̀ kúrò lókè díẹ̀, kíráńkì á yí lójijì. Bí sípánà 21 bá ṣì wà lórí bóòtì kíráńkì nígbà yẹn, apá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè kán. Ẹ yọ ọ́. Ẹ fi ọkọ̀ sí jíà 4, ẹ fa hàńbúréèkì, ẹ fi 20 psi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gùn ún díẹ̀díẹ̀. Láti mọ òkè, ọ̀pá pílásítíìkì gígùn ni kí ẹ fi sínú ihò, ẹ má fi irin síbẹ̀. Bí sílíńdà 1 bá ti tán, ẹ yí kíráńkì ní ìdajì sí ọwọ́ ọ̀tún, 3 ló kàn; ìdajì míì, 4; ìdajì míì, 2.

Lórí ọkọ̀ yìí: 8, 9, 7 àti 31 fún sílíńdà 1, 3, 2 àti 4. Ó kù kí a fetí wá a. Ẹ fi rọ́bà hóòsì tó gùn tó mítà 1 sí etí kan, kí ẹ sì máa gbé orí rẹ̀ kejì káàkiri. Bí afẹ́fẹ́ bá ń súfèé nínú sílẹ́ńsà, fáàfù tó ń tú èéfín síta ni. Bó bá ń súfèé níbi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́, fáàfù ìgbéwọlé ni. Bó bá wà níbi tí a ti ń da ọ́ìlì, ríìngì ni, àmọ́ gbogbo ẹ́ńjìnì ló ń súfèé díẹ̀ níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Bí omi rédíétọ̀ bá ń hó tí kì í ṣe iná, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ti lọ. Bí ihò púlọ́ọ̀gì sílíńdà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá ń fẹ́, gásíkẹ́ẹ̀tì náà ni, ó já láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ tí ìwé wọn kò kọ. Hóòsì kékeré kan so inú ẹ́ńjìnì, níbi tí ọ́ìlì wà, mọ́ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ohun tó bá gba ara ríìngì kọjá lè gba ibẹ̀ lọ súfèé níwájú, kí ẹ wá máa dá fáàfù ìgbéwọlé lẹ́bi. Ẹ yọ hóòsì náà, kí ẹ dí ojú rẹ̀, kí ẹ tó tẹ́tí.

Nínú sílẹ́ńsà ni sílíńdà 4 ti ń súfèé. Síbẹ̀, kò tíì tó ìdí láti tú orí ẹ́ńjìnì. Èérún dúdú kan lè há sábẹ́ fáàfù, ó sì lè jẹ́ pé lífítà ọlọ́ìlì, ohun tó ń ti fáàfù ṣí, irú èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnì yìí kí wọ́n tó yí i padà ní ọdún 1999, ló gbé e dúró díẹ̀. Ẹ da gbogbo rẹ̀ padà, ẹ wa ọkọ̀ náà kó gbóná, kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ké dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ tún un wọ̀n. Ìgbà kejì, ó ka 30. Nígbà tí orí kúrò nílẹ̀, géèjì kò purọ́: etí ọ̀kan nínú fáàfù èéfín méjì tó wà níbẹ̀ ti jó, ojú ibẹ̀ kò tó orí ìṣáná. Ríìngì kò ní àbùkù, a ò sì fọwọ́ kan písítìnì. Ẹni tó bá fi géèjì àkọ́kọ́ nìkan ṣiṣẹ́ lè ti gbé odindi ẹ́ńjìnì jáde.

Àwọn nǹkan tó kù nínú àpótí náà: àfikún M10 àti M18 tí ẹ lè má fọwọ́ kàn láéláé, àti ike tí ìdè rẹ̀ kò pẹ́ kó tó ṣẹ́. Bí ẹ bá ń da púlọ́ọ̀gì padà, àlàfo ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.0 sí 1.1, agbára ìdè rẹ̀ sì jẹ́ Nm 15 sí 23. Ọwọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kí ó yí ní ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán kí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kàn án.

Bí mo bá tún fẹ́ rà á lónìí, màá ra ti afẹ́fẹ́ jíjò lọ́tọ̀, pẹ̀lú kọ́ọ̀kù tó dáa, màá sì ra géèjì kọ̀mpúréṣọ̀n tí hóòsì rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan láti òkè dé ìdí. Ẹni tó ti ní àpótí yìí nílé tẹ́lẹ̀ kò nílò láti jù ú nù: fáàfù onísípíríǹgì rírọ̀, ẹ̀kán gọ́ọ̀mù, àti kọ́ọ̀kù tuntun ló kù. Rọ́bà róbótó ẹnu hóòsì náà ti ń le báyìí nítorí ooru, ó ti ní ìlà kékeré kan lára. Bó bá já nígbà tí ẹ ń wọn sílíńdà, afẹ́fẹ́ á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, abẹ́rẹ́ á sì ka kékeré ju bó ṣe yẹ lọ.